Kanélo Kò Gbọdọ̀ Sáré

3

…tí mo tún rí eégbọn mìíràn lábẹ́ etí ajá wa, ó mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Mo já a. Mo fi èékánná fọ́ ọ. Ìyá àgbà ní kí n má fọ́ ọ mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ Kanélo ni mò ń dà nù.

Ó ti rẹ̀ mí.

4

Ohun tí a ṣe kí dókítà ẹranko tó dé:

a gé ọsàn wẹ́wẹ́, a sín in bí ìlẹ̀kẹ̀, a fi kọ́ ajá lọ́rùn (àwọn àgbà ní ọ̀fìnkìn ajá ni);

a fún un ní ẹ̀dọ̀ adìẹ, kò jẹ ẹ́;

a dúró.

5

*(Dókítà Anahí ti ìlú Tizimín wá. Èmi ló di ajá mú.)*

DÓKÍTÀ: Ta ló fi ọsàn kọ́ ajá lọ́rùn?

BÀBÁ ÀGBÀ: Èmi ni. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

DÓKÍTÀ: Ẹ wo erìgì rẹ̀, bàbá. Ó funfun. Kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Eégbọn ló kó kòkòrò sí i lẹ́jẹ̀.

BÀBÁ ÀGBÀ: Eégbọn bíńtín yìí?

DÓKÍTÀ: Òun náà ni. Ẹ máa fún un ní oògùn yìí títí á fi tán. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń jẹun, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Kò sì gbọdọ̀ sáré. Ó lè ṣubú lulẹ̀ kú.

BÀBÁ ÀGBÀ: Ajá ọdẹ tí kò gbọdọ̀ sáré. Ṣé kí n rán ṣòkòtò fún un, kó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì?

*(Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ bo ẹnu.)*

6

Bí a ṣe ń pín àgbọ̀nrín níbí: ẹni tó yìnbọn ló ni orí àti awọ. Ẹni tó lé ẹran ní ìpín kan. Ajá ní ìpín tirẹ̀, ẹni tó ni ín ló ń gbà á.

Ojú bàbá àgbà ti di bàìbàì, wọ́n ti gbé ìbọn jù sílẹ̀. Nítorí ajá làwọn ọdẹ ṣe ń pè wọ́n.

7

Kanélo dìde lónìí. Àbí àná ni? Ọjọ́ ti dà pọ̀ lójú mi.

Oògùn ṣì kù nínú páálí.

8

*Gbohùngbohùn orí òrùlé Evelio, olórí ọdẹ:*

Ẹ̀YIN ÈÈYÀN WA, LỌ́LA, TÍLẸ̀ BÁ TI MỌ́, GBOGBO WA Ń LỌ LÉ ÀGBỌ̀NRÍN. Ẹ KÓ AJÁ YÍN WÁ. ÌYÁ RUFINA NÁÀ NÍ ẸRAN ẸLẸ́DẸ̀ TÚTÙ WÀ FÚN TÍTÀ.

9

*Lórí fóònù mi:*

EVELIO: Yuridia, sọ fún bàbá àgbà yín pé à ń retí Kanélo o. Oorun làwọn ajá tó kù mọ̀.

Mo kọ: Ara rẹ̀ ò tíì yá.

Mo pa á rẹ́.

Mo kọ: Màá sọ fún wọn.

10

*Mo wà nídìí ààrò. Wọn ò rí mi.*

ÌYÁ ÀGBÀ: Melindo, o fẹ́ pa ajá yìí.

BÀBÁ ÀGBÀ: Ó ti ń jẹun.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìwọ náà ń jẹun. Sáré ká rí i.

BÀBÁ ÀGBÀ: Tí mi ò bá lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ó rẹ̀ mí ni. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á ti gbàgbé pé mo wà láyé.

Mo ní kí wọ́n má mú un lọ.

Wọn ò gbọ́. Bóyá mi ò sọ ọ́ síta.

11

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ọdẹ súfèé lẹ́nu ọ̀nà. Kanélo gbọn ìrù.

Bàbá àgbà gbé ètè ajá sókè kí wọ́n wo erìgì rẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn, wọn ò ríran.

"Yuridia, báwo ló ṣe rí?"

Mo wò ó. Ó pọ́n díẹ̀. Tàbí oòrùn ló ràn án.

"Ó funfun, bàbá."

12

EVELIO: Bàbá, ajá dà?

BÀBÁ ÀGBÀ: Èmi ni ajá lónìí. Ẹ jẹ́ ká lọ.

*(Ẹ̀rín. Ẹ̀rín gbogbo wọn. Bàbá àgbà gbó bí ajá, wọ́n wúkọ́.)*

13

Ajá ń gbó nínú igbó. Ọ̀kan nínú wọn ń wúkọ́ tó bá gbó tán.

Kanélo na etí. Ó fa okùn. Mo jókòó tì í.

14

Mi ò gbọ́ ikọ́ yẹn mọ́.

Àwọn tó kù ṣì ń gbó.