Bàbá Há Sí Ìdí Síńkì

Láti àárọ̀ ni Bàbá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ti sú u. Rọ́bà ilẹ̀ ilé ìdáná ló ń ṣí. Ó ṣí ti òkè, ó bá òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìyẹn náà, ìkẹta tún yọjú, aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n tẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti gbó, tuntun ni wọ́n ń tẹ́ lé e lórí, bí ẹni ń wọ ẹ̀wù mímọ́ lé èyí tó dọ̀tí. Etí rọ́bà tó ká sókè yẹn ló gbé ìyàwó rẹ̀ ṣubú, tó sọ ọ́ di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn.

Nígbà tí ọmọbìnrin wọn yà wò wọ́n láàárọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Bàbá, bí onítáìlì bá dé lọ́la, tó ní ilẹ̀ yìí ò dọ́gba, mò ń mú Màmá lọ sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ìṣubú kan ti tó."

Kí ni àgbàlagbà yóò máa fi ilé òfìfo ṣe? Bàbá fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha gọ́ọ̀mù dúdú tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí èèmọ́, ó gbálẹ̀, ó wọ́n omi, ó po sìmẹ́ǹtì. Ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ, torí ibẹ̀ ni ojú ọmọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà. Ó ń tẹ́ ẹ, ó ń fẹ̀yìn rìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri ìdí síńkì.

"Bàbá," ìyàwó rẹ̀ pè é lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti ọ̀pá, "ibo lẹ fẹ́ gbà jáde?"

Bàbá wo iwájú, ó wo fèrèsé tí kò gbà ju ológbò lọ.

"Yéè!"

"Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Sìmẹ́ǹtì lẹ̀yin dà síwájú."

"Má pa mí lẹ́rìn-ín, jàre. Ìhà ń dùn mí."

Ó dojú korobá délẹ̀, ó jókòó lé e. Ìyàwó rẹ̀ fa àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ju búrẹ́dì sí i. Bàbá hán an. Wọ́n ń wo ara wọn bí èrò tó pàdé létí odò tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ wọn dé pẹ̀lú báàgì òfìfo tí yóò kó ẹrù ìyá rẹ̀ sí lọ́wọ́.

"Ẹ̀ẹ́ ti rí báyìí? Bàbá, ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá, ẹsẹ̀ yín á wú!"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹsẹ̀ kan péré, onítáìlì á ní kò dọ́gba, ìwọ á sì gbé ìyá rẹ lọ."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú kan wo ilẹ̀ náà láti igun dé igun. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Màmá, kí lẹ wí?"

"Kí ni n ó wí? Kí n máa lọ, kí ẹni tó há síbẹ̀ yẹn máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀?"

Ọmọ wọn mí kanlẹ̀. Ó ju báàgì náà sí kọ̀rọ̀, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Ó dáa, Bàbá. Màmá ò lọ mọ́. Ẹ gbọ́, àbí?"

Bàbá ti sùn lọ lórí korobá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, sìmẹ́ǹtì gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.