Ọkọ Mi Kékeré Níwájú Ìgbìmọ̀ Ìnáwó

Ẹ̀rù ń bà mí kí n tó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ẹ̀rù sì tún ń bà mí nígbà tí mo jókòó tán. N kò ní parọ́. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí èèyàn ti lè tètè jáde.

Ọdún 1992 ni. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìpínlẹ̀ wa. Aránṣọ ni mí ní Ring Road. Mọ́dà sùkúù ni mo kà, n kò sì kà á dópin. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ní Àpáta bá ara wọn jà títí ó fi sú gbogbo èèyàn, ni ẹgbẹ́ bá ní kí wọ́n fa èmi kalẹ̀, pé n kò ní ọ̀tá. Bí mo ṣe di Ọnọrébù Àmúdàtù nìyẹn. Láti ìgbà náà, ojú ni mo ń fi ṣọ́ àwọn tó mọ̀wé. Tí wọ́n bá nawọ́, èmi náà á na tèmi. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ṣèlérí fún àwọn obìnrin Àpáta: ilé ìgbẹ̀bí wa. Àwọn ológun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n mọ ògiri, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò lórùlé. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Tí ìrọbí bá mú aboyún, takisí ni wọ́n ń wá kiri, ọmọ mìíràn sì ti bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọjá Dùgbẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Mo ní tí mo bá wọlé, ilé yẹn á lórùlé. N kò ṣèlérí títì, n kò ṣèlérí iná. Òrùlé nìkan.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn ẹ̀ka ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ ìnáwó tí wọ́n fi mí sí. Kọmíṣọ́nnà á wá, àwọn dírẹ́kítọ̀ rẹ̀ á tẹ̀lé e. Alága á ka ètò náà ní orí kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnikẹ́ni kò bá nawọ́, wọn á lu òòlù onígi mọ́ tábìlì, orí náà ti kọjá nìyẹn, kò sí ẹni tó tún lè dá a padà. Ẹni tó bá nawọ́, á dìde, á sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ti wá, á sì pe orúkọ ẹni tó fẹ́ bi, kí obìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀ka Ìgbáyégbádùn Àdúgbò ni ilé ìgbẹ̀bí wà lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi sì ni kọmíṣọ́nnà wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo wọ ilé Òkìkíọlá ní ìyàwó, ọmọ ilé-ìwé ni, ó tín-ín-rín, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Wọ́n ti bí i kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni, ọkọ mi kékeré. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Opéléńgẹ́, bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe. Òun náà ń pè mí ní ìyàwó mi. Bódìjà ló ń gbé báyìí. Ó ti sanra, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ yàrá kí òun tó wọlé. Láti ìgbà tó ti di kọmíṣọ́nnà, mo ti gbé Opéléńgẹ́ jù sílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà" ni mò ń kí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mọ́ṣúdù, ọkọ mi, ń wò mí bí mo ṣe ń wé gèlè.

"Ṣé o fẹ́ lọ bi àbúrò mi léèrè níwájú gbogbo ayé?"

"Ilé ìgbẹ̀bí ni mo fẹ́ béèrè."

"Ilé ìgbẹ̀bí ò lẹ́nu. Òun ló máa dáhùn. Àmúdàtù, tí o bá dójú ti ọmọ ìyá mi, àwọn ará ilé á ní èmi ni mo rán ọ. Ibo ni mo fẹ́ gbé ojú mi sí?"

Mo gbé báàgì mi. Mo jáde. Gèlè yẹn ò tilẹ̀ dúró dáadáa.

Ọ̀gbẹ́ni Akínbíyìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága wa. Wọ́n ń kàwé kíákíá, gíláàsì wọn wà ní ṣónṣó imú. Orí kan kọjá, òòlù dún. Òmíràn kọjá, òòlù dún. Wọ́n dé orí ilé ìgbẹ̀bí. Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Ìsẹ́yìn wà níbẹ̀. Mo tẹ́tí, mo tún tẹ́tí. Àpáta ò sí níbẹ̀.

Wọ́n gbé òòlù sókè. Mo rí ọwọ́ kan tó lọ sókè, tèmi ni.

Ẹnu ya alága. N kò tíì sọ̀rọ̀ rí nínú ìgbìmọ̀ náà. "Ọnọrébù láti Àpáta, ẹ máa wí."

Mo dìde. "Èmi ni Àmúdàtù Òkìkíọlá, láti Àpáta. Mo fẹ́ bi..."



"Ta ni ẹ fẹ́ bi, màmá?"

"Àwọn ni." Mo fi ojú júwe ọkọ mi kékeré láàárín àwọn dírẹ́kítọ̀ rẹ̀.

"Ẹ pe orúkọ. Akọ̀wé wa ò lè kọ ojú sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọnọrébù Adéróunmú, tí kì í dákẹ́, fi ìgúnpá gún mi. "Ìyá wa, orúkọ èèyàn ni wọ́n ní kẹ́ ẹ pè, wọn ò ní kẹ́ ẹ kéwú!"

"Mi ò lè pè é."

"Kí ló dé?" ni Adéróunmú bi mí.

"Ọkọ mi ni."

"Hàà! Ọkọ mélòó lẹ wá ní?"

Yàrá náà dà rú. Ọkọ mi kékeré tẹjú mọ́ fáìlì rẹ̀, òógùn ń bọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Alága ò rẹ́rìn-ín. "Ìlànà ni, màmá. Bí ẹ ò bá pe ẹni tí ẹ fẹ́ bi, ìbéèrè yín ò sí nínú ìwé. Mo fẹ́ lu òòlù o."

Orúkọ náà dé orí ahọ́n mi, ó kọ̀, kò jáde. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń gbé e mì. Mo wo ilẹ̀kùn. Ó sún mọ́ mi. Mo tún wo òòlù, ó ti wà lókè. Ni mo bá kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín àga àti tábìlì, mo sì kígbe.

"Opéléńgẹ́!"

"Ìyàwó mi!"

Òun ló dáhùn. Ó ti dáhùn kó tó rántí pé kọmíṣọ́nnà ni òun.

Ni ẹ̀rín bá bẹ́. Dírẹ́kítọ̀ kan fi fáìlì bo ojú. "Opéléńgẹ́ wo?" ni Adéróunmú ń wí. "Ṣé èyí tó kún àga yìí bámúbámú?"

Alága na ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́. "Kọmíṣọ́nnà, wọ́n pè yín. Ẹ dáhùn àbí ẹ ò dáhùn?"

"Mo dáhùn, sà."

"Ó parí. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ pé Opéléńgẹ́ ni wọ́n ń bi. Màmá, ẹ dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀, sà. Ibí rọ̀ mí lọ́rùn." Mo kọjú sí i. "Opéléńgẹ́ ọkọ mi, ilé ìgbẹ̀bí Àpáta, ibo lẹ gbé e sí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó ńlá ńlá ṣàlàyé. N kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ dákun. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nídìí ààrò."

Ó pa fáìlì dé.

"Ìyàwó mi, èmi ni mo yọ ọ́. Àpáta ni ilé bàbá mi. Ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá fi í síbẹ̀, wọ́n á ní mò ń kó owó ìjọba lọ sí agboolé wa. Mo ní kó di ọdún mìíràn, tí ẹlòmíràn bá wà lórí àga yìí."

Mo wò ó. Pẹ̀lú gbogbo ikùn yẹn! Gbogbo òyìnbó yẹn! Òun náà ń bẹ̀rù. Ẹnu mi wá fúyẹ́.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n aboyún ò lè sọ fún ọmọ inú ẹ̀ pé kó di ọdún mìíràn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbé bírò kalẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

Ni Adéróunmú bá fò dìde. "Alága, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mi ò ní ẹbí kankan ní Àpáta. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi Àpáta síbẹ̀! Kápẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì kọmíṣọ́nnà ló wà lórí tó kàn. Ẹ gbé owó ẹ̀ síbí. Kí Opéléńgẹ́ ṣì máa tẹ sìmẹ́ǹtì ná!"

"Mo fara mọ́ ọn," ni ọkọ mi kékeré wí. "Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì náà lọ."

Alága ní kí àwọn tó gbà á nawọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò wo ẹnikẹ́ni. Tèmi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Nígbà tí mo wá wò yíká, kò sí ọwọ́ kankan nílẹ̀. Òòlù dún, ó dùn mọ́ mi létí bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán.

Àbúrò Mọ́ṣúdù ti pè é lórí fóònù kí n tó délé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní o kúnlẹ̀."

"Mo kúnlẹ̀."

"Wọ́n ní o ò pe orúkọ."

"Mi ò pè é."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá kígbe sí àwọn ará ilé kejì pé kí wọ́n jáde wá wo ìyàwó òun.

Lọ́dún kejì, àwọn káfíńtà gun orí ilé ìgbẹ̀bí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, àwọn ológun padà dé, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ sílé, mo sì padà sídìí máṣíìnì mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣí páànù yẹn mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n kan èyí tó kẹ́yìn, àwọn obìnrin Àpáta pé jọ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ títí wọ́n fi bẹ̀ mí pé kí n jókòó.