Ẹ̀yìn Mọ́tò Tí Kò Gbọ́rọ̀

Bí Kùdírátù bá ń wa mọ́tò, ẹ̀yìn ni ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó. Kì í ṣe pé iwájú kún o. Àwọn méjèèjì péré ló máa ń wà nínú jíìpù tí Kùdírátù fowó ara rẹ̀ rà nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ nílọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n Àbdùlgàfár ní ibi tí àgbà ọkùnrin ń jókòó nìyẹn, kí ayé lè mọ̀ pé òun ní ẹni tó ń wa òun. Ẹni tó ń wà á ọ̀hún ni ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọdún mọ́kànlélógójì. Àwọn ará Onígbòǹgbò, àdúgbò wọn, á kí bàbá lẹ́yìn, wọn ò ní wo iwájú rárá. Ó ń dun obìnrin náà. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí ọkùnrin yìí jókòó ti òun, àmọ́ ó ti búra pé òun ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìjókòó nínú mọ́tò òun.

Nígbà tó yá, orúnkún bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Jíìpù náà sì ga. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó di kí ọkùnrin méjì gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí Agége, ojú sì ń tì í. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ẹni tó kírun nílé náà. Kùdírátù mọ̀ pé ọkùnrin tó bá ti há ara rẹ̀ mọ́lé, ogbó a máa yára bá a. Ó wa mọ́tò lọ bá Moses ní Àgídìngbì, ọmọ Aládùúrà kan tó ń ṣe abẹ́ mọ́tò, tí kì í sì í parọ́ fún oníbàárà.

"Mo fẹ́ kó o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún mi."

Moses yọ́ wọ abẹ́ mọ́tò, ó jáde, ó nu ọwọ́. "Àlàájà, sípíríǹgì kúkúrú wà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tẹ̀yìn mọ́tò yín yìí máa ń gbé ara ẹ̀ sókè tó bá ti rò pé ẹrù wà. Iwájú á gbọ́rọ̀. Ẹ̀yìn ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti wà á lọ díẹ̀, á tún gòkè padà."

"Ṣe é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe alágídí àkọ́kọ́ tí màá bá gbé nìyẹn."

Moses ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ́tò wálẹ̀ dáadáa nínú ọgbà rẹ̀, Kùdírátù sì gbà pé ọmọ náà kàn fẹ́ dẹ́rù ba òun ni.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Jímọ̀, mọ́tò ti dúró sójú kan mọ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti rọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Àbdùlgàfár dá wọlé, ó gbádìí lé àga láìsí ẹni tó dì í mú. Ó ń yin Moses títí wọ́n fi dé Opebi. Kò mọ̀ pé bí táyà ṣe ń yí ni ẹ̀yìn ń gbé òun lọ sókè. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní Agége, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lófuurufú. Ó wo ilẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Munirat, ṣé mọ́tò yìí ń dàgbà ni?"

Imú mọ́tò wà nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá gbé bàbá sọ̀ kalẹ̀ sọ pé mọ́tò yìí ti forí kanlẹ̀ ṣáájú lèmọ́mù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Àbdùlgàfár náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé, ó ní òun ò lọ mọ́.

Kùdírátù pe Moses.

"Mo kúkú sọ fún yín," ni Moses wí. "Ó kù ká wá ṣọ́ọ̀kì lásán, èyí tí kò gbọ́n. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí Bàbá máa jókòó síwájú. Ibẹ̀ ò ní gòkè."

Kùdírátù pa fóònù. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe kó tó wọ pálọ̀.

"Bàbá Munirat, Moses ní iwájú ló wálẹ̀."

"Iwájú? Ṣé kọ̀ńdọ́tọ̀ ni mí ni?"

"Ẹ kì í ṣe kọ̀ńdọ́tọ̀. Kọ̀ńdọ́tọ̀ máa ń dá sọ̀ fúnra ẹ̀."

Bàbá fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré," ló wí nígbẹ̀yìn.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, Kùdírátù jìyà. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni Àbdùlgàfár ti ń ṣọ́ àsìkò àwọn òṣìṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sọ pé ó ti pẹ́ jù. Jímọ̀ kejì, kò dá sí bíréèkì mọ́. Ìgbà tí wọ́n kọjá níwájú ilé iṣẹ́ nílọ́ọ̀nù àtijọ́ ló tó nawọ́.

"Abẹ́ igi yẹn ni mo máa ń dúró sí dè ọ́. Ìwọ lo máa ń jáde kẹ́yìn."

Kùdírátù ò rò pé ó ṣì rántí. Ó kàn rọra ń wa mọ́tò lọ.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn iwájú, tó dá wọlé. Kùdírátù ò tíì fi kọ́kọ́rọ́ sí i tí fóònù fi dún.

"Àlàájà, mo ti rí ṣọ́ọ̀kì náà o," ni Moses ń pariwo. "Ẹ gbé e wá lọ́la, kí Bàbá lè padà sẹ́yìn."

Kùdírátù wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ẹlòmíì tó bá nílò ẹ̀ ni kó o tà á fún," ló rọra wí, ó sì pa fóònù.

"Ta nìyẹn?" ni Àbdùlgàfár bi í.

"Moses ni. Ó ṣì ń wá ṣọ́ọ̀kì."

Etí Àbdùlgàfár ṣì mú ṣáká. Ó fa bẹ́líìtì, ó dè é mọ́ àyà, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Sọ fún un kó má kánjú."