Oògùn Ni Wọ́n Pè É

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló pa gbogbo ọmọ ẹja tó wà nínú adágún ẹ̀gbọ́n Dókítà, ọ̀rọ̀ náà sì ni "oògùn."

Ẹ̀gbọ́n náà kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó gbé ike omi kan ka orí tábìlì tí àbúrò rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn ìgò, ó sì ṣí ìdérí rẹ̀. Omi inú rẹ̀ dà bí omi tí irin ti dípẹtà sí. Àwọn ẹja tí kò tíì tó ìka ọmọdé léfòó lórí rẹ̀, wọ́n kọ inú sókè.

"Wò wọ́n dáadáa," ó ní. "Ìwọ lo fún mi ní ohun tí mo dà sómi. Ìyá kan náà ló bí wa. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Dókítà tí à ń wí yìí kì í wo aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará àdúgbò kò yé gbé orí fífọ́ àti ẹ̀yìn dídùn wá bá a. Kòkòrò ni iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Kì í ṣe àwọn tó ń fa àìsàn o. Àwọn tó ń gbé ní ìdí gbòǹgbò ni, tí wọ́n ń bá ewéko wá oúnjẹ nínú ilẹ̀. Ó ti rí i pé bí a bá da irú kan nínú wọn sómi, ọbẹ̀dò, ìyẹn ewé wínníwínní tó ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bí ẹni pé wọ́n lé e. Ọbẹ̀dò sì ni ọmọ ẹja ń jẹ.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ja yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè é ní Ìyá Kòkòrò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló gbà kó dán an wò nínú adágún òun. Ọbẹ̀dò bo omi lọ́dún náà, ẹja sì sanra. Ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi da ti ọdún yìí sómi láìbéèrè ohunkóhun.

Dókítà gba ìgò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú dání, ó gbé e símú. Kòkòrò tirẹ̀ máa ń rùn bí erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Èyí ń ta ni nímú bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìgbà náà ló wá wo ara ìgò. Ohun tí òun kọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni: "Kòkòrò tó wà láàyè ni èyí. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn kankan." Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín, ni: "Oògùn Ìyanu: Ìbùkún Omi, Ògo Ilẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó," ó ní. "Mò ń bọ̀."

Ó bá Bàbá Sítọ́ọ̀, tó ń tọ́jú ẹrù ilé iṣẹ́ náà, nídìí páálí, níbi tó ti ń to ọṣẹ. Bàbá náà kò sẹ́ rárá. Ó ní àwọn ìgò náà dé ọ̀dọ̀ òun, wọ́n ń hó, ìdérí wọn fẹ́ẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, òun sì rò pé oògùn ti ń bàjẹ́. Gbogbo oògùn tó bá gba sítọ́ọ̀ kọjá ni wọ́n máa ń kán apakòkòrò sí kó má baà bàjẹ́. Òun kán an síwọ̀nyí. Òun tilẹ̀ fi èènì lé e, nítorí pé iṣẹ́ Dókítà ni.

"Mi ò fẹ́ kí tiyín bàjẹ́ ni, ìyá mi," ó ní. "Oògùn ni mo rí lára ìgò. Ká ní wọ́n kọ kòkòrò síbẹ̀, ṣé orí mi dàrú ni tí màá fi da apakòkòrò lé e?"

Kì í ṣe bàbá yìí ni Dókítà bínú sí. Ó gba òkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ọlọ́yinlẹ́nu ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá náà lẹ́yìn. Bí òjò bá rọ̀, kò ní sọ pé òjò rọ̀. Á ní sánmà ti ṣíjú àánú wò wá. Ó fi Dókítà jókòó, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè ti ọmọ, kó tó jẹ́ kó sọ ohun tó gbé e wá.

"Ta ni ẹ fẹ́ kó gba kòkòrò wọlé, Dókítà?" ó bi í. "Àwọn àlejò wa máa mú ìgò yẹn dání níwájú ayàwòrán. Ẹ gbọ́ bó ṣe dún létí."

"Orúkọ rẹ̀ ni, sà."

"Orúkọ tó ń ríni lára."

"Orúkọ tí ẹ fún un ló pa ẹja."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ọmọdé ṣe àwàdà fún. Ó ní àwọn ẹlẹ́ja máa pàdé nínú gbọ̀ngàn lọ́la, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Dókítà bá sọ pé adágún obìnrin náà ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Bàbá Sítọ́ọ̀ ni yóò lọ sílé.

"Ẹ̀gbọ́n yín kúkú ni," ó ní. "Ẹ ó yanjú rẹ̀ nílé. Ẹ má gbàgbé pé yàrá iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí Dókítà padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lórí àga. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Bí wọ́n bá pe adágún rẹ̀ ní adágún ẹlẹ́gbin, kò sí ẹni tí yóò tún ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mọ ìyẹn.

"Ìwọ lo mọ èyí tí o máa ṣe," ó ní, ó sì gbé ike rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn kún. Ọlọ́yinlẹ́nu ti ń pe àwọn ẹlẹ́ja ní òpó tó gbé ayọ̀ ìran ènìyàn dúró, nígbà tí bàgbà kan béèrè láti ẹ̀yìn pé ẹja àwọn ńkọ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá nawọ́ sí Dókítà pé kó wá ṣàlàyé.

"Adágún ẹ̀gbọ́n mi mọ́," ó ní. "Kòkòrò ni mo sìn, ààyè kòkòrò. Mo kọ ọ́ fún ọ̀gá pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe pè é. Wọ́n yí i sí oògùn kó lè dùn létí àlejò. Àwọn tó wà ní sítọ́ọ̀ tọ́jú rẹ̀ bí oògùn, nǹkan tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ló pa á, òun náà ló pa ẹja. Ẹ má dá sítọ́ọ̀ lẹ́bi. Ohun tí wọ́n kà ni wọ́n ṣe."

Ó jókòó. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

"Áà, kòkòrò náà ni wọ́n ń fún wa lóòótọ́," bàgbà náà ní. "Ẹni kan tiẹ̀ sọ ọ́ jáde."

Wọn kò lé Bàbá Sítọ́ọ̀, nítorí gbogbo ayé ti gbọ́. Àwọn èèyàn sì tún ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà, ìwọ̀nba ẹja ńlá tó kù. Ọlọ́yinlẹ́nu kò pariwo mọ́ Dókítà. Ó ní wọ́n fẹ́ tún yàrá rẹ̀ ṣe, ó gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì pa iná ibẹ̀. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun mú ìgò kòkòrò kan péré nínú fíríìjì. Ọ̀gá ní ohun tó wà lábẹ́ òrùlé yìí, ogún gbogbo wa ni.

Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá náà, òórùn rẹ̀ lé àwọn kunlékunlé jáde. Kòkòrò kan kò kù.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ mú ọkọ́, wọ́n lọ sí etí igbó níbi tí Dókítà ti hú gbòǹgbò tó ti kọ́kọ́ rí kòkòrò náà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ti da kọnkéré sí gbogbo ibẹ̀, mọ́tò ló wà lórí rẹ̀. Dókítà ti wá kòkòrò náà ní ìdí oríṣiríṣi igi láti ìgbà náà. Irú rẹ̀, kò rí i mọ́.