Orúkọ Kẹwàá Lórí Fọ́ọ̀mù Garbutt

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti da káńsù Wenmere pọ̀ mọ́ ti ìlú ńlá. Wenmere ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí ń so àlìkámà, Wenmere olódò mẹ́ta: kò ku nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìwé ìdìbò lọ, ọwọ́ Enid Thackray sì ni ìwé náà wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe akọ̀wé ìdìbò níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ìtàn àwọn ìdìbò náà sílẹ̀, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn abúlé.

Ó kọ ọ́ dáadáa títí ó fi dé ọdún 1983, wọ́ọ̀dù Saltby. "Cyril Dowsett wọlé láìlálátakò." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí a gé lẹ́sẹ̀ ni.

Leonard Garbutt, bíríkìlà, du ipò yẹn pẹ̀lú. Òfin ní kí ènìyàn mẹ́wàá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ẹni tó bá fẹ́ dupò. Ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ buwọ́ lu ti ẹni méjì. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì ló ni ìbuwọ́lù. Aago mọ́kànlá ọjọ́ tó kẹ́yìn ni Leonard mú tirẹ̀ dé. Aago méjìlá ni ilẹ̀kùn yóò tì. Orúkọ kẹwàá ni Hilda Thackray, ìyá Enid, tó ti buwọ́ lu ti Cyril lọ́jọ́ Ajé, ti Cyril ló sì kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì. Obìnrin tí kì í lè sọ "rárá" fún ẹni tó bá mu tíì nílé rẹ̀ ni. Bí Enid bá sọ̀rọ̀, wákàtí kan tó láti wá ẹlòmíràn. Ojú ìyá rẹ̀ ló rò. Ó dákẹ́, fọ́ọ̀mù náà sì ṣubú.

Leonard kò béèrè orúkọ tó bà á jẹ́. Ó gbà pé àbúrò òun ni, Wilf, tó wà lára àwọn mẹ́wàá náà, tó sì ń wa tirakítọ̀ fún Cyril. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan, ìjókòó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Enid a máa gbàdúrà pé kí Olúwa fi ẹ̀ṣọ́ síwájú ẹnu òun. Lọ́jọ́ yìí ó rí i pé ohun olóhun ni ẹ̀ṣọ́ náà ti ń ṣọ́. Ó wọ bàtà, ó lọ sílé Leonard.

"Enid, ṣé wọ́n tún fẹ́ dìbò ni? Sọ fún wọn pé mo ti darúgbó, irọ́ ìpolongo ti ń rẹ̀ mí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó."

"Nínú ilé mi?" Ó jókòó náà.

"Kì í ṣe Wilf. Màmá mi ni."

"Hilda? Ó tiẹ̀ tún bu tíì kejì fún mi."

"Ó ti buwọ́ lu ti Cyril. Ojú tì í láti sọ."

"Ìwọ sì mọ̀."

"Láago mọ́kànlá, sà."

"Mo ní alùpùpù nígbà yẹn. Ǹ bá lọ, ǹ bá bọ̀." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Cyril ì bá ṣáà nà mí nínú ìbò. Àmọ́ Wilf wá síbi ìsìnkú ìyàwó mi, mo kẹ̀yìn sí i."

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ lọ tọrọ tèmi. Tẹ̀ lé mi, ẹnu mi ò gbà á."

Ilé kẹfà ni ti Wilf. Ẹnu ọ̀nà ni Enid ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un tán. Wilf kò wo Enid. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

"Ogójì ọdún ni mo fi ń retí kó bi mí. Kò bi mí rí."

Leonard gbé ojú sókè. "Wilf, ṣé ìwọ ni?"

"Rárá. Tìẹ nìkan ni mo buwọ́ lù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Cyril fi gba tirakítọ̀ lọ́wọ́ mi nítorí ẹ̀."

"O ò sọ."

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Wọlé, òtútù ń fẹ́."

Enid fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó délé, ó fa ìwé yọ, kò sì dárúkọ ìyá rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: "1983, Saltby. Cyril Dowsett wọlé láìlálátakò, nítorí pé akọ̀wé ìdìbò, Enid Thackray, dákẹ́ fún wákàtí kan."