Àpò Ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró

Inú ìwé ni mo wà, ojú ìwé kẹta. Irú ìwé eré alàwòrán tí àwọn oníwèé ìròyìn máa ń gbé wá sí abúlé wa, Ìdí-Ẹ̀mí, láyé ọjọ́sí ni. Wọ́n á ya fọ́tò àwọn eléré sínú rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ tí kálukú ń sọ sínú nǹkan funfun kan bí àpò lókè orí rẹ̀. Aṣọ pupa ni mo ró wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo wo ara mi, ó ti di àwọ̀ eérú. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, dúdú, funfun, àti eérú. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ kò gbóná. Òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì ló gba gbogbo ibẹ̀.

Yàrá yàrá ni wọ́n pín ojú ìwé náà sí, gbogbo wọn onígun mẹ́rin. Láàárín yàrá kan sí èkejì, ọ̀nà tóóró funfun kan wà tí nǹkan kan kò hù níbẹ̀. Ènìyàn á wà nínú yàrá tirẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ á wà ní ìwọ̀n ìka kan sí i, wọn kò ní rí ara wọn láéláé.

Àpò ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ibẹ̀ tóbi. Ó dà bí àpò-ìtọ̀ àgbò tí àwa ọmọdé máa ń fẹ́ nígbà Iléyá, tí a ó so mọ́ igi, tí a ó máa gbé sáré kiri. Ìrù kékeré kan ti ara rẹ̀ wá sí ẹnu ẹni tó ni ín. Ti ẹlòmíràn wúwo débi pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ti ẹlòmíràn gba gbogbo òkè yàrá, ó sì bo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í balẹ̀. Òkè ló ń gbé.

Mo ń wá Àwẹ̀ró. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi. Ó fi abúlé sílẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó lọ ń ṣeré fún àwọn tó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibà sì pa á kó tó bímọ kankan. Àwọn ìwé tí àwòrán rẹ̀ wà nínú wọn wà nínú àpótí mi di òní. Mo mọ ojú rẹ̀. Mo mọ àpá tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún ń gorí ọdún, mo wá jókòó lọ́jọ́ kan pé kí n rántí bí ó ṣe máa ń pè mí, etí mi sì dákẹ́ lọ bí kànga gbígbẹ. Àwọn ìwé yẹn kò ràn mí lọ́wọ́, torí nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sórí rẹ̀: "Ẹ wá jẹun, bàbá." Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àwẹ̀ró dère, ère náà kò sì lóhùn. Mo fẹ́ kó sọ nǹkan kan fún mi, ohunkóhun tó bá ti jẹ́ tirẹ̀, kí n lè gbé e dání lọ sílé.

Mo wọ yàrá àkọ́kọ́. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ oko bàbá rẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Nígbà tó rí mi, ó tẹrí ba.

"Ẹ kú ìrìn, ìyá. Ta ló ni yín?"

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo ni ara mi. Mo la ẹnu, ẹnu náà là dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó jáde.

"Mo ti gbọ́," ni ó wí. "Ṣé ìyàwó ni yín nínú eré yìí ni àbí ìyá? Bí ẹ bá jẹ́ ìyàwó, ẹ̀yìn mi níbí ni kí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá sì jẹ́ ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè lọ kú ní ojú ìwé kejì, kí n lè rí ohun tí màá tìtorí ẹ̀ bínú."

Mo na ọwọ́ sí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ láti fi hàn án pé ojú ìwé kẹta la wà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Háà! A ti kọjá ibẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń bínú, mi ò mọ̀ pé kò tíì sẹ́ni tó kú."

Ó padà sórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀.

Àwọn obìnrin wà nínú yàrá náà. Mi ò kọ́kọ́ rí wọn, nítorí àlejò lójú, kò fi ríran. Ìgbọ̀nwọ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé àwo. Gèlè kan wà lábẹ́ àpò ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, kò sí ojú lábẹ́ gèlè. Obìnrin kan jókòó sí ìkángun, ìlà ògiri ti là á sí méjì, apá òsì rẹ̀ kò sí nínú eré. Ó fi ojú kan tó kù wò mí, ó ṣẹ́jú, mo sì mọ̀ pé ó kí mi. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn kò sọ ti ẹni tí wọn kò bu ohùn fún.

Mo bọ́ sí ọ̀nà funfun. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti jáde, nítorí kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò ibẹ̀. Obìnrin kan tó jù mí lọ ń bọ̀, ó gbé àpò ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí òṣùká. Ara àpò náà ti gbó, wọ́n ti rán an níbi púpọ̀. "Yéè!" ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ó ní Ìyá Ẹlẹ́kún ni orúkọ òun. Ó ní òun ní orúkọ mìíràn tẹ́lẹ̀, ó wà lọ́wọ́ ayàwòrán, kò tíì dá a padà.

"Ẹkún ta lẹ gbé lórí yẹn, ìyá?"

"Ti gbogbo wa ni. Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fún wa nìyí. Ìyàwó ojú ìwé kẹrin ń retí ẹ̀ báyìí, ọkọ ẹ̀ fẹ́ nà án, kò sì rí nǹkan fi ké. Àbí o fẹ́ yá a ni? Bí o bá ké tán, kí o nù ún o! Ẹni tó lò ó kẹ́yìn fi ikun bà á jẹ́."

Mo ní n kò wá ẹkún. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá, mo fẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Níbí, wọ́n ti bá wa kọ ọ́, wọ́n sì ti bá wa jẹ ẹ́. Àwẹ̀ró wà ní yàrá ìsàlẹ̀, ní ìkángun pátápátá. Kò lè jáde wá bá ọ lọ́nà, ìlà ti gé e ní ọrùn-ẹsẹ̀. Lọ tọrọ àpò lọ́wọ́ Ọ̀gá tó ń pín in kí o tó débẹ̀. Má bá a jiyàn o, ó fẹ́ràn ẹ̀ ju oúnjẹ lọ."

A gbọ́ ìró ìgbájú láti ojú ìwé kẹrin.

"Mò ń bọ̀ o!" ni Ìyá Ẹlẹ́kún ké, ó sì fi eré sí i.

Ọ̀gá jókòó lórí nọ́ńbà ojú ìwé bí ẹni jókòó lórí àpótí. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń fẹ́ àpò ọ̀rọ̀ fún ọkùnrin kan tó ti ní méjì tẹ́lẹ̀. Ó bu ọlá fún mi. Ó ní kí n jókòó. Kò sí ìjókòó. Mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Kí ni Àwẹ̀ró fẹ́ sọ?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"Ìyá, ẹni tí a kò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣé à ń fún un lápò?"

"Ọkùnrin yàrá àkọ́kọ́ ń bínú láìmọ ẹni tó kú."

"Ìyẹn ṣì ń wá a bọ̀ ni. Eré ẹ̀ ni. Ti Àwẹ̀ró, oúnjẹ ni. Ó gbé oúnjẹ wá, wọ́n jẹ ẹ́, ó parí. Ta ló ń bèèrè ẹni tó gbé àwo lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun tán?"

"Èmi ni, sà."

Ó dá pọ́ǹpù dúró. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fa àpò kan yọ lábẹ́ ìdí rẹ̀, pẹlẹbẹ bí ewé, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Mi ò ní afẹ́fẹ́ tí màá fi ṣòfò," ni ó wí. "Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ."

Mo ń fẹ́ ẹ bí mo ṣe ń lọ. Mo rò pé ẹni tí ibà pa kò ní lágbára láyà, mo sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ṣí ìwé náà síbòmíràn nígbàkígbà. Ọ̀nà náà gùn, kò sì sẹ́ni tó ń rìn ín. Nígbà tí mo fi dé yàrá ìsàlẹ̀, àpò náà ti kún.

Ilé ìdáná ìyá wa ni yàrá náà. Nígbà tí mo ṣẹ́jú, ó di pálọ̀ ẹlòmíràn, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn àga ọkùnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé àwo. Kò dàgbà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àwẹ̀ró ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo lákìísà.

Ó rí irun funfun lórí mi, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ wá jẹun, bàbá," ni àpò orí rẹ̀ wí fún mi. Ó dún fíì, bí pọ́ǹpù.

Kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún mi. Èmi náà kúnlẹ̀. Ó rò pé ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìkúnlẹ̀ tirẹ̀, ó tún rẹ ara sílẹ̀ sí i. Èmi náà rẹ ara sílẹ̀. A wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ń dúró kí ẹnì kejì kọ́kọ́ dìde. N kò lè sọ fún un pé èmi ni. Mo fi ìka kan àpá ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó rọra fa apá rẹ̀ sẹ́yìn, bí a ṣe ń ṣe fún ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́.

Mo wá yọ àpò oúnjẹ kúrò lórí rẹ̀, mo fi èyí tí mo fẹnu fẹ́ síbẹ̀. Ìrù rẹ̀ sọ̀ wá sí ẹnu rẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àbúrò yín ni. Mi ò rántí ohùn yín mọ́."

Ohùn mi ni. Ohùn mi ìsinsìnyí, tòun ti ikọ́ tó máa ń wà nídìí rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ó jáde lẹ́nu Àwẹ̀ró bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ, àwa méjèèjì sì wo ara wa.

Ó wò mí lójú pẹ́. Ó wo irun mi, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dún, ó sì gbá mi létí díẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe tí mo bá pẹ́ lódò. Ó yọ àpò náà lórí ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà títí gbogbo èémí mi fi jáde. Ó rùn bí orógbó tí mo jẹ. Ó gbọn àpò náà, ó fi ẹnu sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀.

Ó lágbára láyà. Mo ti ṣì í rò. Àpò náà ń dìde, lẹ́tà àkọ́kọ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hàn lára rẹ̀, n kò tíì lè kà á. Mo sún mọ́ ọn.

Àtàǹpàkò kan wọlé láti òkè, itọ́ tí wọ́n fi ń ṣí ìwé wà lára rẹ̀, ó tóbi ju yàrá náà lọ. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé mi kọjá àárín ìwé, ó sì jù mí sí ojú ìwé òdìkejì, mo dùbúlẹ̀ gbalaja níbẹ̀ bí àwòrán. Àpò náà bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó bẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n pa ìwé dé. Ojú ìwé rẹ̀ dìde, ó rọra ń bọ̀ wá bò mí bí ẹní, Àwẹ̀ró sì wà lára rẹ̀.

Inú ìwé tí a pa dé ṣókùnkùn. Kò sí yàrá mọ́, kò sí ìlà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ sì wà ní etí mi gan-an. Ó gbóná. Mo gbọ́ tí ó fa èémí sínú.

Ẹnì kan jókòó lé ìwé náà, lé wa lórí.