Ìbéèrè Tí A Kó Jọ fún Fisáyọ̀mi

2.

… torí náà, bí wọ́n bá tún ní "Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè?", má kàn kúnlẹ̀ dúpẹ́ kí o sì máa lọ. Bi wọ́n ní nǹkan.

Èmi Àṣàbí ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá Fisáyọ̀mi. Láti èṣín tí ọmọ náà ti jáde Yunifásítì, ìgbà mẹ́ta ló ti lọ ṣe íńtáfíù. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n bi í bóyá ó ní ìbéèrè. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní, "Rárá, sà. Ẹ ṣé, sà."

Ẹ̀kọ́ ilé ló pa á lára. Ta ló ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀ ní Ìrémọ, àdúgbò wa nínú Ifẹ̀ yìí?

3.

ÌKÉDE
(Mo yọ ọ́ lára ògiri. Àwọn èèyàn ti kà á tẹ́lẹ̀.)

Ilé-iṣẹ́ Ìtẹ̀wé Ìmọ́lẹ̀-Ọ̀tun ń wá ẹni tí yóò máa yẹ ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kí ó gbọ́ Yorùbá, kí ó sì mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Íńtáfíù: ọ́fíìsì wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Oṣù Kẹta, 1995.

3 (lẹ́ẹ̀kan sí i).

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Bí kò bá rí iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń lọ ní Èkó. Bàbá wọn ti kú, àwọn ọmọ yòókù ti fọ́n ká. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni yóò kù sínú ilé ńlá yẹn. Kò sọ pé ó ká òun lára. Èmi ni ó ká lára.

5. (Ẹ̀kẹrin ti sọnù. Kì í ṣe ẹjọ́ mi.)

ÌPÀDÉ AGBO ILÉ

BÀBÁ AWÓNÍYÌ, àgbà ilé: Ṣé iṣẹ́ ni àbí ọkọ?

ÈMI: Iṣẹ́ ni, Bàbá.

BÀBÁ AWÓNÍYÌ: Ìkan náà ni. Ojoojúmọ́ ni yóò máa jí síbẹ̀. A kì í fi ọmọ fún ilé tí a kò wádìí.

SÀRÁTÙ, ìyàwó ilé: Ẹ wádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé wọn.

FISÁYỌ̀MI: Àǹtí, ilé-iṣẹ́ ni o.

SÀRÁTÙ: Ṣé ilé-iṣẹ́ ò lè ya wèrè ni?

(A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀.)

6.

BÍ MO ṢE WỌṢỌ FÚN ÌBÉÈRÈ ILÉ

Ilé ní: Ìyàwó mélòó ló ti kọ ọkọ yìí sílẹ̀?
→ Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wà nípò yìí tẹ́lẹ̀, kí ló sì dé tó fi lọ?

Ilé ní: Ìyá ọkọ ńkọ́? Ṣé ẹnu rẹ̀ ò mú jù?
→ Ta ni màá máa jíṣẹ́ fún, sà?

Ilé ní: Ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀?
→ Kí ni ẹ máa fẹ́ kí n ti ṣe yọrí kí ọdún tó parí?

Ilé ní: Àrùn wo ló wà nínú ìdílé wọn?
→ Kí ló ń dààmú yín jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí?

7.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé mo lọ ṣe alárinà ní Lágere, irọ́ ló pa.

8.

OHUN TÍ A SỌ NÍ LÁGERE
(èmi àti Àjàgbé, gáàdì ẹnu géètì wọn)

ÈMI: Ẹ ǹ lẹ́ o. Ọ̀gá yín, ọmọ ibo ni?

ÀJÀGBÉ: Ọmọ Òkèrèwè, nínú Ifẹ̀ níbí, ni. Ta ló ń béèrè?

ÈMI: Kò sẹ́ni. Ṣé ó máa ń jágbe mọ́ èèyàn?

ÀJÀGBÉ: Ikọ́ ló máa ń wú ní tiẹ̀.

ÈMI: Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?

ÀJÀGBÉ: Mà, ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?

Ó dáa, mo lọ. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

11.

Láàárọ̀ ọjọ́ íńtáfíù, ìyá rẹ̀, tí kò dá sí gbogbo ariwo wa, sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. N kò gbọ́ ọ. Ó dùn mí.

12.

ÍŃTÁFÍÙ
(bí Fisáyọ̀mi ṣe sọ ọ́, ibi tó ti kúrú jù, mo fi tèmi sí i)

Ọ̀GÁ OYÈKÚNLÉ: Ṣé ìwọ náà ní ìbéèrè?

FISÁYỌ̀MI: Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

(Ó ti ń pa fáìlì dé. Ó tún ṣí i.)

FISÁYỌ̀MI: Ta ló wà nípò yìí tẹ́lẹ̀, sà, kí ló sì dé tó fi lọ?

OYÈKÚNLÉ: Ó lọ ṣe tíṣà. (Ó wúkọ́.) Ọmọ yìí, ta ló rán ọ?

ÌYÁÀFIN Ọ̀ṢUNTỌ́LÁ, igbákejì rẹ̀: Ẹ jẹ́ kó béèrè, sà.

FISÁYỌ̀MI: Kí ló ń dààmú yín jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mà?

Ọ̀ṢUNTỌ́LÁ: Ìkánjú ni. Lọ́dún tó kọjá, a tẹ odidi ìwé, a gbàgbé orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

OYÈKÚNLÉ: Ó tán?

FISÁYỌ̀MI: Ó ku ẹyọ kan, sà. Ìyá mi ló ní kí n bi yín. Ṣé mo lè máa lọ sílé jẹun ọ̀sán?

(Oyèkúnlé gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.)

OYÈKÚNLÉ: Ilé wo?

FISÁYỌ̀MI: Ìrémọ, sà.

OYÈKÚNLÉ: Ọmọ mi, ọ́fíìsì lásán la ní síbí. Ìlọrin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa wà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

13.

Ìlọrin.

14.

A wádìí wèrè. A wádìí àrùn. A wádìí ìyá ọkọ.

A kò béèrè ibi tí ọkọ ń gbé.

17.

LẸ́TÀ

Sí Omidan Fisáyọ̀mi Oyèlárán. Inú wa dùn láti gbà ọ́ síṣẹ́ ní Ìlọrin. Jọ̀wọ́, fún wa lésì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

(Nísàlẹ̀, pẹ̀lú bírò:) *Nínú gbogbo àwọn tó wá, ìwọ nìkan lo bi wá ní nǹkan. — Ọ̀ṣuntọ́lá*

18.

Bàbá Awóníyì ní Ìlọrin ò jìnnà. Sàrátù ní ó jìnnà. Àwọn méjèèjì ò débẹ̀ rí. Inú mi dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

19.

Ọ̀SÁN ỌJỌ́BỌ̀
(Ìyá àti ọmọ wà nídìí oúnjẹ. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni pé n kò sí níbẹ̀.)

ÌYÁ RẸ̀: Wọ́n ní wọ́n ń fẹ́ ọ.

FISÁYỌ̀MI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ RẸ̀: Wọ́n ti bi ọ́ ní tiwọn. O ti bi wọ́n ní tiwa.

FISÁYỌ̀MI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

ÌYÁ RẸ̀: Ìwọ alára ńkọ́? Ṣé o fẹ́ lọ?

20.

Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀.

21.

FISÁYỌ̀MI: Ẹ jẹ́ kí n jẹun tán ná, Màámi.

Òkèlè kéékèèké ló ń bù. Ìyá rẹ̀ ò kán an lójú. Ó tún bu ọbẹ̀ sí i.